Kí Ló Gbé Ẹ́ńjìnnì Bàálù Dúró? Ìtàn Kan Láti Ẹ̀gbẹ́ Lanham

  Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí ìlú òyìnbó, tí ẹ ní kí a máa sọ ìtàn tó kan ibi tí ẹ ń gbé, tiyín ni ti òní.

Ìbéèrè kan ni màá fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń lọ sí Èkó fún ọdún Kérésì, tí ẹ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ ó rí ẹ́ńjìnnì tó so rọ̀ lábẹ́ apá bàálù bí àgbálùmọ̀ ṣe ń so lára ẹ̀ka. Bí bàálù bá ń sáré lórí ilẹ̀, ẹ tún lè rí i pé ẹ́ńjìnnì yẹn ń mì díẹ̀díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì bàálù ńlá wúwo ju mọ́tò mẹ́ta lọ. Kí ló wá gbé e dúró síbẹ̀?

Bóòtù àti píìnì ni. Wọn kò sì pọ̀ bí ẹ ṣe rò. Nínú ọ̀pọ̀ bàálù, àwọn bóòtù àti píìnì ńlá tó gbé ẹ́ńjìnnì kan dúró kò ju èyí tí ẹ lè fi ìka ọwọ́ kà lọ.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lónìí. Nínú àwọn ìjàǹbá tí ẹ́ńjìnnì ti já bọ́ kúrò lára bàálù, èyí tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ kọ́ ló bàjẹ́. Ibi tí wọ́n so ó mọ́ ló bàjẹ́. Bí a bá sì wo ẹ̀yìn ibẹ̀, a máa ń bá ẹnì kan tó gba ọ̀nà àbùjá, tàbí kíráàkì kékeré kan tí ojú fò dá.

Kí a tó tẹ̀síwájú, ẹ jẹ́ kí a mọ orúkọ nǹkan. Àwọn mẹkáníìkì wa nílé ní orúkọ fún ohun tí ẹ́ńjìnnì mọ́tò jókòó lé: síìtì ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń pè é. Bí síìtì ẹ́ńjìnnì bá ti jẹ, gbogbo mọ́tò á máa gbọ̀n. Bàálù náà ní síìtì ẹ́ńjìnnì tirẹ̀. Irin gígùn tó ti abẹ́ apá wá, tó di ẹ́ńjìnnì mú, ni àwọn òyìnbó ń pè ní pylon. Ìbora tó yí ẹ́ńjìnnì ká, tí mẹkáníìkì máa ń ṣí bí ẹni ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò, bọ́nẹ́ẹ̀tì náà ni a ó máa pè é lónìí.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a lọ sí College Park. Láti Lanham, kò tó ogún ìṣẹ́jú bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ kò bá sí. Pápákọ̀ òfuurufú kékeré kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ wa ń kọjá láìbojú wò ó. Ọdún 1909 ni àwọn ológun Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, tí Wilbur Wright fúnra rẹ̀ wá síbẹ̀ láti kọ́ àwọn ọ̀gá ológun méjì bí wọ́n ṣe ń wa bàálù. Láti ìgbà náà títí di òní, pápá yẹn kò tíì ṣíwọ́ iṣẹ́. Òun ni wọ́n kà sí èyí tó pẹ́ jù lọ ní gbogbo ayé nínú àwọn pápákọ̀ òfuurufú tí wọ́n ṣì ń lò.

Báwo ni àwọn Wright ṣe so ẹ́ńjìnnì tiwọn? Nínú bàálù wọn àkọ́kọ́, ti ọdún 1903, orí apá ìsàlẹ̀ ni wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì kà, ní ọwọ́ ọ̀tún. Awakọ̀ fi ikùn lélẹ̀ ní ọwọ́ òsì. Ṣé ẹ rí i, bí ẹni gbé ẹrù sórí òṣùwọ̀n ni: ẹ́ńjìnnì níhìn-ín, ènìyàn lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì wúwo ju ènìyàn lọ, nítorí náà wọ́n jẹ́ kí apá ọ̀tún gùn ju ti òsì lọ ní nǹkan bí íńṣì 4. Ẹni tó kọ́ ẹ́ńjìnnì yẹn ni Charlie Taylor, mẹkáníìkì tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ wọn. Kò sí bọ́nẹ́ẹ̀tì kankan lórí rẹ̀. Ìhòòhò ló wà nínú afẹ́fẹ́.

Bàálù wá ń pọ̀ sí i, àwọn ẹ́ńjìnnì sì ń lágbára sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn awakọ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ṣì wà. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹfà ọdún 1912, ní College Park yìí kan náà, wọ́n ń dán irú bàálù Wright tuntun kan wò, èyí tí wọ́n pè ní Model C, kí àwọn ológun tó gbà á. Arthur Welsh, olùkọ́ tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn Wright, ló ń wà á. Ọ̀gágun Leighton Hazelhurst jókòó tì í. Bàálù náà já lulẹ̀, àwọn méjèèjì sì kú.

Model C kò dúró lórí ẹni méjì yẹn. Ó tún pa àwọn mìíràn ní ibòmíràn. Nígbà tí àwọn ológun yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n rí i pé bí irú bàálù bẹ́ẹ̀ bá fi imú gúnlẹ̀, ẹ́ńjìnnì tó wà lẹ́yìn lè já kúrò lórí síìtì rẹ̀, kó sì wó lu ẹni tó jókòó níwájú. Ìjàǹbá tí ènìyàn ì bá yè bọ́ nínú rẹ̀ ló ń di ikú. Nítorí náà, ní oṣù kejì ọdún 1914, ẹgbẹ́ ológun Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí wọ́n má fi bàálù tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn fò mọ́. Láti ìgbà yẹn, imú bàálù ni ẹ́ńjìnnì wọn gbà lọ.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn: ibi tí a gbé ẹ́ńjìnnì sí ló ń pinnu ẹni tí yóò san gbèsè bí nǹkan bá bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ọ̀rọ̀ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì bàálù ní Amẹ́ríkà rí roboto bí òdòdó, àwọn sílíńdà rẹ̀ sì yọ síta kí atẹ́gùn lè máa tù wọ́n. Ó dára fún ìtutù, ṣùgbọ́n atẹ́gùn yẹn náà ló ń fa bàálù sẹ́yìn. Gbogbo ènìyàn rò pé bí ẹ bá bò ó, yóò gbóná jù, yóò sì kú lójú ọ̀run.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Fred Weick ló ṣáájú àwọn tó yanjú rẹ̀, ní Langley, ní ìpínlẹ̀ Virginia, lábẹ́ àjọ NACA, èyí tó di NASA lẹ́yìnwá. Ní 1927 àti 1928, wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì gidi sínú ihò ńlá kan tí wọ́n ti ń fẹ́ atẹ́gùn, wọ́n ń dán oríṣiríṣi bọ́nẹ́ẹ̀tì wò lórí rẹ̀. Wọ́n rí i pé bí ìbora náà bá rí bó ṣe yẹ, tó ń darí atẹ́gùn gba àárín àwọn sílíńdà, ẹ́ńjìnnì yóò tutù, ìfàsẹ́yìn yóò sì dín kù gan-an. Wọ́n fi irú bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn sára bàálù Lockheed Air Express kan, ó sì kúrò ní máìlì 157 ní wákàtí kan, ó bọ́ sí 177. Wọn kò pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rárá. Aṣọ ni wọ́n kàn wọ̀ fún un. Bọ́nẹ́ẹ̀tì yìí ló gba àmì-ẹ̀yẹ Collier ti ọdún 1929, èyí tó ga jù nínú iṣẹ́ bàálù ní Amẹ́ríkà.

Kí ló kan Lanham nínú èyí? Ní 1936, Fred Weick kúrò ní Langley, ó wá bá Henry Berliner ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ERCO, tó kọ́ fakitọ́rì rẹ̀ sí Riverdale, ẹ̀gbẹ́ wa níbí, nínú Prince George's County. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe bàálù kékeré kan tí wọ́n pè ní Ercoupe, tó kọ́kọ́ fò ní 1937. Weick fẹ́ kí ènìyàn lásán lè wa bàálù láìfi ẹ̀mí wéwu. Ẹ́ńjìnnì Ercoupe wà ní imú, wọ́n bò ó dáadáa, ìdarí rẹ̀ rọrùn bí ti mọ́tò. Wọ́n ṣe ju 5,000 lọ, kódà wọ́n tà á ní ilé ìtajà Macy's lẹ́yìn ogun. Ẹ lọ wò ó ní mùsíọ́ọ̀mù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá College Park.

Lẹ́yìn ogun kejì, ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì dé. Níbo ni kí wọ́n gbé e sí? Àwọn òyìnbó Ìlú Ọba fi ẹ́ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti Comet pamọ́ sínú ìdí apá bàálù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Comet yìí ló kọ́kọ́ gbé èrò pẹ̀lú jẹ́ẹ̀tì, ní 1952. Ó lẹ́wà lójú. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ Boeing ti gba ọ̀nà mìíràn láti 1947, nínú bàálù ológun B-47: wọ́n so ẹ́ńjìnnì rọ̀ lábẹ́ apá, lórí pylon.

Ìdí mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Èkíní, bí ẹ́ńjìnnì bá gbiná, ó jìnnà díẹ̀ sí epo inú apá àti sí àwọn èrò. Èkejì, mẹkáníìkì lè dúró nílẹ̀ kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kó ríṣẹ́ ṣe. Ẹ̀kẹta ni èyí tó ń ya ènìyàn lẹ́nu: ìwúwo ẹ́ńjìnnì ń ran apá lọ́wọ́. Lójú ọ̀run, afẹ́fẹ́ ń gbé apá sókè. Ẹ́ńjìnnì ń fà á sílẹ̀. Bí ìgbà tí ẹ bá gbé òkúta lé etí ẹní kí atẹ́gùn má baà ká a ni. Ọ̀nà yìí ni Boeing 707 gbà, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ bàálù tó ń gbé wa lọ sílé ń gbà títí dòní. Ìmìtìtì tí ẹ ń rí láti ojú fèrèsé wà nínú ètò. Bí pylon bá le gbagidi láìmì rárá, ìgbọ̀nrìrì ẹ́ńjìnnì yóò lọ bá apá.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti so nǹkan rọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ máa wo okùn rẹ̀.

Ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 1979, bàálù DC-10 ti American Airlines fẹ́ gbéra ní Chicago. Bó ṣe fẹ́ kúrò nílẹ̀, ẹ́ńjìnnì òsì pẹ̀lú pylon rẹ̀ já, ó gba orí apá kọjá, ó bọ́ sílẹ̀. Ó já àwọn páìpù pàtàkì lọ, apá òsì kò sì lè gbé bàálù mọ́. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ó ti já lulẹ̀. Ẹni 271 tó wà nínú rẹ̀ kú, ẹni 2 mìíràn tó wà nílẹ̀ sì kú pẹ̀lú wọn. Nínú àwọn ìjàǹbá tí bàálù kan ṣoṣo fà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kò tíì sí èyí tó pa ènìyàn tó bẹ́ẹ̀, bí a bá yọ iṣẹ́ àwọn apániláyà sẹ́yìn.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Ilé-iṣẹ́ tó ṣe DC-10 ní kí wọ́n máa kọ́kọ́ tú ẹ́ńjìnnì kúrò, kí wọ́n tó tú pylon. Iṣẹ́ náà gùn. Láti dín wákàtí kù, wọ́n ń fi fọ́kílíìfùtì gbé ẹ́ńjìnnì àti pylon pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ṣáájú ìjàǹbá yẹn, níbi tí wọ́n ti ń fi fọ́kílíìfùtì da pylon náà padà sáyè rẹ̀, irin ìdí rẹ̀ forí gbá, ó sì là. Kò sẹ́ni tó rí i. Bàálù náà ń fò lójoojúmọ́, kíráàkì yẹn sì ń gùn sí i. Nígbà tí wọ́n yẹ àwọn DC-10 yòókù wò, wọ́n bá irú kíráàkì bẹ́ẹ̀ lára àwọn kan, pàápàá ní ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ti gba ọ̀nà àbùjá kan náà.

Ní oṣù kẹfà, àjọ FAA dá gbogbo DC-10 dúró, wọ́n sì ní ti ilẹ̀ òkèèrè kò gbọ̀dọ̀ wọ òfuurufú Amẹ́ríkà fún bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Nigeria Airways náà ní DC-10 nígbà yẹn. Òun ni wọ́n fi ń fò wá sí New York. Ẹ bi àwọn òbí yín léèrè. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun ló gbé wọn wá síbí.

Àwọn àgbà ní, bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Báwo ni irin ṣe ń lanu? Ẹ mú háńgà aṣọ onírin kan, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ síwájú sẹ́yìn. Lẹ́ẹ̀kan, kò ní ṣe nǹkan kan. Lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, yóò gbóná lọ́wọ́ yín. Tó bá yá, yóò kán. Àárẹ̀ irin nìyẹn. Gbogbo ìgbà tí bàálù bá gbéra, tó balẹ̀, tí atẹ́gùn gbọ̀n ọ́n, irin pylon ń tẹ̀ díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹnì kan fi gbọ́dọ̀ máa fi iná wo inú kọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà gbogbo.

Ìtàn tó kan Nàìjíríà gan-an nìyí. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 1992, Boeing 707 kan tó ti gbó, ti ilé-iṣẹ́ Trans-Air ní Nàìjíríà, kó ẹrù láti Luxembourg, ó ń lọ sí Kano. Ènìyàn márùn-ún ló wà nínú rẹ̀. Lókè ilẹ̀ Faransé, nínú atẹ́gùn líle, ẹ́ńjìnnì kẹta já. Bó ṣe ń bọ́, ó gbá ẹ́ńjìnnì kẹrin, ìyẹn náà sì já. Ẹ fojú inú wò ó: gbogbo ẹ́ńjìnnì apá ọ̀tún ti lọ, méjì péré ló kù lápá òsì. Awakọ̀ náà, Ingemar Berglund ará Sweden, àti àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀ rí pápákọ̀ àwọn ológun ní Istres. Iná ń jó lára apá ọ̀tún bí wọ́n ṣe ń balẹ̀. Wọ́n balẹ̀, àwọn márààrún sì jáde láàyè. Àwọn aṣèwádìí ilẹ̀ Faransé rí ohun tó fà á: irin ìsopọ̀ kan lára pylon ẹ́ńjìnnì kẹta ti là nítorí àárẹ̀ irin.

Kì í ṣe àwọn nìkan. Oṣù mẹ́ta ṣáájú, ní ọjọ́ 29 oṣù kejìlá ọdún 1991, Boeing 747 akẹ́rù ti China Airlines já ní Taiwan. Ẹ́ńjìnnì kẹta já, ó sì gbá ẹ̀kẹrin. Àwọn márààrún inú rẹ̀ kú. Nígbà tó di ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 1992, ohun kan náà ṣẹlẹ̀ sí 747 akẹ́rù ti El Al ní Amsterdam. Ilé alájà púpọ̀ ní àdúgbò Bijlmer ni ó wó lù.

Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa, ẹ̀yin ọmọ àtìpó. Àdúgbò àwọn àjèjì ni Bijlmer: àwọn ará Suriname, àwọn ará Gánà, àti àwọn mìíràn tó wá wáṣẹ́ ṣe. Ènìyàn 43 ló kú, 39 nínú wọn jẹ́ ẹni tó wà nílé ara rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Nítorí pé àwọn kan níbẹ̀ kò ní ìwé ìgbélùú, ó pẹ́ kí wọ́n tó mọ iye ẹni tó kú. Nígbà àkọ́kọ́, wọ́n ń bẹ̀rù pé yóò ju 200 lọ.

Píìnì ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé. Ẹ mọ fíùsì inú ilé: ó ń jó kí ilé má baà jó. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe píìnì pylon kan, kó lè kán bí ẹ́ńjìnnì bá fẹ́ fa apá ya, kí ẹ́ńjìnnì bọ́ lọ kí epo inú apá má baà tú jáde. Ó dára lórí ìwé. Ṣùgbọ́n àárẹ̀ irin lè mú kí fíùsì náà kán nígbà tí kò yẹ kó kán. Lẹ́yìn Amsterdam, Boeing tún ọ̀nà tí wọ́n fi ń so ẹ́ńjìnnì 747 ṣe, wọ́n sì pààrọ̀ àwọn píìnì náà.

Bọ́nẹ́ẹ̀tì náà ní gbèsè tirẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, abẹ̀bẹ̀ kan kán nínú ẹ́ńjìnnì bàálù Southwest Airlines tó kúrò ní New York. Agbára ìgbálù yẹn fọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, apá kan rẹ̀ gbá fèrèsé, èrò kan sì kú. Àjọ NTSB dábàá pé kí Boeing tún bọ́nẹ́ẹ̀tì náà yẹ̀ wò, kó lè gba irú ìgbálù bẹ́ẹ̀ mọ́ra.

Bí ẹ bá sì rò pé ìtàn àtijọ́ ni gbogbo èyí, ẹ rántí oṣù kọkànlá ọdún 2025. Ní Louisville, ní ìpínlẹ̀ Kentucky, bàálù MD-11 ti UPS ń gbéra ni ẹ́ńjìnnì òsì pẹ̀lú pylon rẹ̀ já kúrò. Àwọn mẹ́ta tó wà nínú rẹ̀ kú, pẹ̀lú àwọn ènìyàn tó wà nílẹ̀. MD-11 yìí, ọmọ DC-10 ni.

Kí ni mo ń sọ? Ẹ má bẹ̀rù bàálù. Nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún bàálù tó ń fò lójúmọ́ kan, ẹ́ńjìnnì wọn dúró síbi tí wọ́n so ó mọ́. Mo mọ̀ pé bí a bá balẹ̀ ní Ìkẹjà, a máa ń pàtẹ́wọ́, a máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó dára, kò burú rárá. Ṣùgbọ́n ẹ rántí mẹkáníìkì tó fi tọ́ọ̀ṣì wo inú pylon lóru, tó rí kíráàkì bí irun orí, tó ní bàálù yìí kò ní fò lónìí. Ọjọ́ yẹn gan-an ni àwa máa ń bínú, tí a máa ń pariwo ní ẹnu géètì pé wọ́n fi àkókò wa ṣòfò. Òun ló ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe fún àwọn ará Chicago.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìwé àṣẹ tí FAA ń fún irú mẹkáníìkì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní A&P. Kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí kò kàwé. Bí ọmọ yín bá sọ pé òun kò fẹ́ ṣe dókítà, pé ẹ́ńjìnnì bàálù ni òun fẹ́ máa bójú tó, ẹ má wulẹ̀ bá a jà. Ẹ̀mí ènìyàn náà ló fẹ́ máa gbà là.

Ẹ bá wa fi ètò yìí ránṣẹ́ sí àwọn òbí yín, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè irú bàálù tí wọ́n bá wá síbí. Ẹ kọ ìdáhùn wọn sísàlẹ̀ fún wa.